Ohun Tó Wà ní Làbó, Kó Má Bá Ọmọ Wálé

  

Ìbéèrè ló bí ọ̀rọ̀ wa ti òní. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá kan ló bi wá pé ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì wálé nígbà ìsinmi, ó ní àwọn ń kọ́ kòkòrò níṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ní ṣé òótọ́ ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, ṣé kò ní kó àìsàn wọlé bá àwọn àbúrò rẹ̀?

Ẹ wò ó, ìbéèrè gidi ni. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ, iṣẹ́ ọ̀hún kì í sì í ṣe iṣẹ́ burúkú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọgbọ́n orí ọmọ náà ló ń dáàbò bo ará ilé. Àṣà tó ń tẹ̀lé lójoojúmọ́ ni: ọwọ́ tó fọ̀ kó tó jáde, aṣọ tó bọ́ sílẹ̀, ìdọ̀tí tó sọ di òkú kó tó dà á nù. Ọmọ tó mọ ìwé gan-an tí kò ní àṣà yìí lè kó wàhálà wálé. Ẹ jẹ́ ká tú u wò díẹ̀díẹ̀.

Kí ni kíkọ́ kòkòrò níṣẹ́?

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìdáná wa. Bí a bá rẹ àgbàdo fún ògì, kò pẹ́ tí á fi kan. Ta ló mú un kan? Àwọn kòkòrò kéékèèké tí ojú kò lè rí ni. Irú wọn náà ló wà nídìí irú tó rà dáadáa lára ìyá wa tó ń se é, àti nídìí ẹmu tó ń hó nínú agbè. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo kòkòrò àìfojúrí ni ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ kò ṣe wá ní nǹkan kan, àwọn kan tilẹ̀ ń bá wa ṣiṣẹ́. Díẹ̀ nínú wọn ló ń fa onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ikọ́ ife.

Nínú kòkòrò kọ̀ọ̀kan ni àkọsílẹ̀ kan wà tó ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un. DNA ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi wé àṣẹ tí ìyá fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kó tó lọ sọ́jà: ẹ pọnmi kún àmù, ẹ gbálẹ̀, ẹ ká aṣọ wọlé. Ohun tí ìyá bá sọ ni wọ́n á ṣe. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, àwọn onímọ̀ rí ọ̀nà láti gé díẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ohun alààyè kan, kí wọ́n sì fi í sínú ti òmíràn. Kòkòrò tó gba àṣẹ tuntun yẹn á wá máa ṣe iṣẹ́ tí kò mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ yín bá ní àwọn ń ṣe biologie synthétique, iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń sọ.

Àǹfààní rẹ̀ ti dé ọ̀dọ̀ wa kí a tó mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ wo insulin tí ẹlòmíràn tó ní àtọ̀gbẹ ń gún. Láyé àtijọ́, ara màlúù àti ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n pa ni wọ́n ti ń mú un. Ní 1978, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi àkọsílẹ̀ insulin ti èèyàn sínú kòkòrò kan tó ń jẹ́ E. coli, kòkòrò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ní 1982, ìjọba ibẹ̀ gbà kí wọ́n máa tà á.

Lónìí, iṣẹ́ náà ti dé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ìdíje kan wà tí wọ́n ń pè ní iGEM. Ní 2003, ẹ̀kọ́ lásán ló jẹ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà. Ní 2004, ó di ìdíje láàárín ilé-ẹ̀kọ́ márùn-ún. Ní báyìí, ẹgbẹ́ tó ju 300 lọ ló ń kópa láti orílẹ̀-èdè káàkiri, Paris ni wọ́n sì ti ń pàdé láti 2022. Ní 2006, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Edinburgh ní Scotland kọ́ E. coli kí ó máa sọ bí arsenic bá wà nínú omi. Májèlé ni arsenic. Kì í rùn, kì í yí àwọ̀ omi padà, ó sì ti ba omi kànga ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ́ ní Bangladesh. Ṣé ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ àwọn ará abúlé bíi tiwa ni àwọn ọmọ náà ń rò?

Níbo wá ni ewu wà?

Ọ̀nà mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni àìsàn. Kòkòrò tó wà nínú ìgò ní làbó lè gun ọwọ́, kí ó gun bíìkì, kí ó sì bá ọmọ délé.

Èyí ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹjọ 2010 títí di oṣù kẹfà 2011, irú salmonella kan náà mú èèyàn 109 ní ìpínlẹ̀ 38. Salmonella ni í fa ìgbẹ́ gbuuru, inú rírun àti ibà. Ẹnìkan kú nínú wọn. Nígbà tí àwọn elétò ìlera wá ìdí rẹ̀, wọ́n rí i pé kòkòrò náà bá èyí tí wọ́n ń tà fún làbó mu, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣàìsàn ló ti bá làbó ṣe, ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ tàbí ibi àyẹ̀wò. Èyí tó dunni jù ni pé àwọn ọmọdé wà nínú wọn. Àwọn ọmọ náà kò ṣiṣẹ́ ní làbó, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tàbí tó ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Kòkòrò yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n tún àkọsílẹ̀ rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà délé, èyí tí a tún ṣe náà lè gbà á.

Ewu kejì fara sin díẹ̀, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Báwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń mọ kòkòrò tó gba àṣẹ tuntun yàtọ̀ sí èyí tí kò gbà á? Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń fi àṣẹ kejì kún un pé: bí oògùn ampicillin bá dé, má kú. Lẹ́yìn náà á fi ampicillin sí oúnjẹ gbogbo wọn. Èyí tí kò gba àṣẹ á kú, èyí tó gbà á á yè. Ọgbọ́n ni. Ṣùgbọ́n kòkòrò lè fún kòkòrò mìíràn ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, bí aládùúgbò ṣe ń fún aládùúgbò ní iná láti dáná. Bí ọmọ bá lọ da ohun tó wà nínú ìgò sí gọ́tà láìpa á, ó ṣeé ṣe kí kòkòrò tó ń fa àìsàn nínú gọ́tà yẹn gba àṣẹ náà. Lọ́jọ́ tó bá mú ọmọ wa, a ó fún un ní oògùn, oògùn kò ní ràn án. Oògùn tí à ń rà lórí àtẹ lọ́jà láìsí ìwé dókítà ti ń sọ kòkòrò di alágídí tó. Ká má tún fi ti làbó kún un.

Ewu kẹta ni pé ohun alààyè máa ń bí sí i. Bí a bá da èérú sóko, èérú náà ni yóò wà níbẹ̀. Bí a bá da kòkòrò sóko, ó lè di ẹgbẹẹgbẹ̀rún kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá bọ́, kì í ṣe é kó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun alààyè tó bá jáde.

Àwọn tó dá a sílẹ̀ ló kọ́kọ́ ní kí a ṣọ́ra

Kì í ṣe àwọn aláìmọ̀wé ló kọ́kọ́ bẹ̀rù iṣẹ́ yìí. Ní 1974, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Paul Berg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ lẹ́tà síta pé kí àwọn onímọ̀ dá apá kan nínú iṣẹ́ náà dúró ná. Ní oṣù kejì 1975, nǹkan bí èèyàn 140 pàdé ní Asilomar, ní California, láti jíròrò lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí kò ṣòro: bí ewu bá ṣe pọ̀ tó ni kí ọgbà ṣe le tó. Ọgbà tí a fi ń sin adìẹ, ṣé òun náà la ó fi sin màlúù?

Wọ́n ń pín kòkòrò sí ìpele mẹ́rin. Ìpele kìíní ni àwọn tí kì í sábà fa àìsàn fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, bí ìwúkàrà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Ìpele kejì ni irú salmonella àti kòkòrò onígbáméjì. Ìpele kẹta ni irú ikọ́ ife. Ìpele kẹrin ni irú Lassa àti Ebola. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ṣẹ́, ìpele kìíní ló yẹ kó wà.

Àṣà mẹ́fà tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ní

Èkíní, kó yan kòkòrò tí kò léwu. E. coli tí wọ́n ń pè ní K-12 ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò. Láti 1922 ló ti wà lọ́wọ́ àwọn onímọ̀, ó ti pẹ́ ní làbó débi pé kò mọ bí a ṣe ń gbé nínú ìfun èèyàn dáadáa mọ́. Ó dà bí ẹran ọ̀sìn tí a bá tú sínú igbó. Kò sídìí tí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ á fi mú kòkòrò tó ń pani nígbà tí èyí wà.

Èkejì, kó ya ohun làbó sọ́tọ̀ kúrò lára ohun ilé. Kò gbọ́dọ̀ jẹun níbẹ̀, kò gbọ́dọ̀ mu omi níbẹ̀. Tẹlifóònù, oúnjẹ àti àpò rẹ̀, kó fi wọ́n síta. Bíìkì àti ìwé tó ń lò níbẹ̀, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀. Frígò tí kòkòrò wà nínú rẹ̀, a kì í fi ẹja tàbí omi mímu sí i. Frígò ilé náà, a kì í fi ìgò làbó sí i, bó ti wù kó kéré tó.

Ẹ̀kẹta, kó wọ aṣọ iṣẹ́, kó sì bọ́ ọ síbẹ̀. Aṣọ funfun tí ọmọ ń wọ̀ rìn láàárín ìlú kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ńlá, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Bó bá bọ́ ìbọ̀wọ́, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ọwọ́ kó tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn àtijáde.

Ẹ̀kẹrin, kò gbọ́dọ̀ fi ẹnu fa omi kòkòrò sínú páìpù. Láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, bí ẹni ń fa epo jáde nínú bídọ́ọ̀nù. Àìsàn ti bá ọ̀pọ̀ èèyàn níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré wà tó ń fa á báyìí.

Ẹ̀karùn-ún, kó pa gbogbo rẹ̀ kó tó dà á nù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà. Ọ̀kan ni omi javel tí àwa náà ń lò nílé: kí javel jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, kí ó sì pẹ́ tó ìdajì wákàtí lórí ohun náà kí wọ́n tó dà á nù. Èkejì ni ìkòkò irin kan tí ìdérí rẹ̀ so mọ́ ọn pinpin débi pé ooru kò ráyè jáde. Omi tó ń hó nínú ìkòkò wa kì í ju 100 lọ lórí òṣùwọ̀n ìgbóná. Nínú ìkòkò yìí, ooru omi máa ń dé 121, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pẹ́ tó ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Bí ìdọ̀tí bá pọ̀, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń lo javel nílé, ẹ má pò ó mọ́ kíkan tàbí ásíìdì tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Èéfín tó ń jáde níbẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀kẹfà, kó má gbé e jáde, bí nǹkan bá sì dà sílẹ̀, kó sọ fún olùkọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìdíje iGEM tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan kò gbà kí ẹgbẹ́ kankan tú ohun alààyè tí wọ́n tún ṣe sílẹ̀ síta. Olùkọ́ náà ní tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́wọ́ pé ìgò fọ́, tí olùkọ́ sì dójú tì í lójú gbogbo ẹgbẹ́, lọ́jọ́ mìíràn ọmọ náà á fi ẹsẹ̀ ti ìgò sábẹ́ tábìlì. Ta ni yóò wá mọ̀?

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé nìkan

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni à ń bá wí. Ẹ̀yin àgbà rántí àrùn tí a kì í fẹ́ dárúkọ, èyí tí a ń pè ní ilẹ̀ẹ́gbóná. Ẹni tó ní in kẹ́yìn láti ìgboro ayé wà ní Somalia, ní oṣù kẹwàá 1977. Gbogbo ayé ti fẹ́ máa yọ̀. Àfi bó ṣe di oṣù kẹjọ 1978 tí àrùn náà mú obìnrin kan tó ń jẹ́ Janet Parker ní Birmingham, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayàwòrán ni ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn ibẹ̀, yàrá tó ti ń ṣiṣẹ́ sì wà lókè làbó tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí àrùn náà. Ní oṣù kẹsàn-án, ó kú. Òun ni ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná pa kẹ́yìn láyé. Ọ̀gá ni àwọn tó ni làbó yẹn, wọn kì í ṣe ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kó ohun tó kù nínú kòkòrò náà jọ sí ibi méjì péré, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Rọ́ṣíà.

Òfin ńkọ́?

Ní 2000, àwọn orílẹ̀-èdè ṣe àdéhùn kan tí wọ́n ń pè ní àdéhùn Cartagena, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2003. Ó dá lórí bí ohun alààyè tí a tún ṣe ṣe gbọ́dọ̀ kọjá láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Benin àti Togo wà nínú rẹ̀. Ní 2002, ìjọba Benin tilẹ̀ ti fi ọdún márùn-ún dá irúgbìn àti ọjà irú bẹ́ẹ̀ dúró, wọ́n sì tún fi ọdún márùn-ún mìíràn kún un ní 2008. Nàìjíríà tó bá wa pààlà ní tirẹ̀ dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ lábẹ́ òfin ní 2015 láti máa bójú tó o, ní 2019 sì ni wọ́n gbà kí àgbẹ̀ gbin ẹ̀wà kan tí wọ́n tún ṣe kí kòkòrò má lè jẹ ẹ́.

Kí nìdí tí mo fi ń sọ èyí? Ẹ̀yin ará Ìlárá mọ̀ ọ́n jù mí lọ: bàbá ń gbé ìhà ìhín, ìyàwó ń tajà ní ìhà ọ̀hún, ọmọ ń kàwé ní Ìbàdàn. Ohun tí òfin gbà ní ìhà kan lè má jẹ́ ohun tí òfin gbà ní ìhà kejì. Ọmọ tó bá fi ìgò kékeré kan sínú àpò, tó gun ọ̀kadà kọjá bodè, lè rò pé òun kò ṣe nǹkan kan. Kò mọ̀ pé àdéhùn ìjọba méjì lòun kọjá lórí rẹ̀ yẹn.

Kí ni ìyá àti bàbá lè ṣe?

Ẹ kò nílò láti mọ ìwé kí ẹ tó lè béèrè. Bí ọmọ bá wálé, tó ní òun fẹ́ bu yẹ̀pẹ̀ lóko tàbí omi ní kànga fún ìwádìí, ẹ má lé e. Ẹ bi í pé: olùkọ́ wo ló mọ̀ sí i? Níbo lo ó gbé e lọ? Bí o bá parí, báwo lo ó ṣe pa á kó o tó dà á nù? Bí ohun tí o rí bá kan omi tí à ń mu, ṣé wàá padà wá sọ fún wa? Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ dáadáa á dáhùn láìbínú. Èyí tó bá ní ẹ̀yin kò lè mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kó dúró ná.

Bí ẹ bá rí ìgò tàbí àwo pẹlẹbẹ kékeré tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ láàárín ẹrù ọmọ, ẹ má ṣí i, ẹ má sì gbọ́ ọ run. Ẹ pe ọmọ náà kó dá a padà síbi tó ti mú un wá. Bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí ibà bá sì mú ará ilé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní làbó, ẹ sọ fún dókítà pé làbó ni ọmọ yín ti ń kọ́ṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan yẹn lè jẹ́ kí dókítà tètè mọ ibi tí yóò wò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, ẹ jíròrò lórí nǹkan mẹ́ta yìí kí ẹ tó túká. Èkíní: nínú ilé wa, kí ni ohun tí a ti ń yà sọ́tọ̀ kí májèlé má baà kan oúnjẹ, bí agbè oògùn òwú àti agbè omi? Èkejì: àwọn ọmọ wo ní àdúgbò wa ló ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò, ta ni yóò sì pè wọ́n wá kí wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ wọn fún wa? Ẹ̀kẹta: bí ọmọ bá ṣe àṣìṣe tó sì jẹ́wọ́, báwo la ṣe máa ń gbà á? Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ó fi í ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á.